Ẹnu Ọmọdé Nídìí Tábìlì: Bí A Ṣe Lè Dá Ẹgbẹ́ Adájọ́ Afínnúfíndọ̀ Sílẹ̀ fún Ìdíje Káàdì ní Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó níwájú, ẹ̀yin òbí tí ẹ tẹ̀lé ọmọ yín wá, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti to káàdì sórí tábìlì kí n tó la ẹnu, mo kí gbogbo yín. Nígbà tí a ń lẹ ìwé ìkéde ìpàdé yìí mọ́ ògiri ní Kútọ̀, ọkùnrin kan dúró, ó kà á dé ìsàlẹ̀, ó sì bi mí bóyá káàdì MTN ni a ní tàbí ti Glo. N kò bá a wí. Ní ìlú yìí, ẹni tó bá ní káàdì lòun ń bá kiri, owó ìpè ni a máa rò pé ó ń tà, nítorí náà ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ irú káàdì tí ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Eré tí mo ń wí ni èyí tí olúkúlùkù ti ń ra káàdì tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ó ń ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí yóò sì ṣa àwọn tó wù ú jọ di dẹ́kì kan tí yóò gbé wá sójú ìdíje. Magic: The Gathering, tí Richard Garfield gbé kalẹ̀ ní 1993, ni ó la ọ̀nà, Pokémon tẹ̀lé e ní Japan ní 1996, Yu-Gi-Oh! ti ilé iṣẹ́ Konami sì dé ní 1999. Dẹ́kì Pokémon gbọ́dọ̀ jẹ́ káàdì 60 géérégé, ti Yu-Gi-Oh! wà láàárín 40 sí 60. Ti Magic, nínú irú ìdíje tó wọ́pọ̀ jù, kò gbọdọ̀ dín ní 60. Ara káàdì kọ̀ọ̀kan ni a kọ ohun tí ó lè ṣe sí, ohun tí a kọ síbẹ̀ sì lè yí òfin eré padà fún ìgbà díẹ̀. Ibi tí àríyànjiyàn ti ń yọ orí nìyẹn.

Ẹni tó bá ti jókòó sídìí Whot lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì mọ irú àríyànjiyàn tí mo ń sọ. Ní ilé tiwa, bí ẹnìkan bá sọ “pick two” lù ọ́, tí ìwọ náà sì ní méjì lọ́wọ́, o lè fi gba ara rẹ sílẹ̀. Ní ilé àwọn ìbátan ìyá mi, wọn kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, o ó mú méjì ni. Ní ilé kan, ẹni tí kò bá ké “last card” yóò padà lọ sí ọjà. Ní ilé kejì, kò sẹ́ni tó bìkítà. Bí ilé méjèèjì bá wá pàdé, ẹni tó ni káàdì ni yóò dá ẹjọ́, kò sì sí ẹni tí yóò bi í pé níbo ni ó ti rí òfin rẹ̀ kà. Ó tó bẹ́ẹ̀ fún Whot, nítorí pé gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju èyí tí ọmọ ọdún mẹ́fà lè há sórí lọ. Ṣùgbọ́n Magic nìkan ti ní káàdì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó lé ní 20,000, ìwé òfin rẹ̀ sì ju ojú ewé 200 lọ. Ẹni tó ni káàdì kò lè ṣe adájọ́ níbẹ̀, pàápàá nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó ń figagbága.

Ayò ọlọ́pọ́n náà ti kọ́ wa ní ìwà kan tí a ní láti fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Nídìí ọpọ́n ayò, ihò 12, ọmọ ayò 48, ènìyàn méjì péré ló ń ta á, ṣùgbọ́n àwọn òǹwòran lè tó mẹ́wàá, kò sì sí èyí tí ẹnu rẹ̀ dákẹ́ nínú wọn. Wọn yóò pe òpè ní òpè, wọn yóò fi orin gún un lára, ẹlòmíràn yóò tilẹ̀ fi ojú júwe ihò tó yẹ kí ó kó. Adùn ayò nìyẹn, n kò sì fẹ́ kí ó yí padà. Nínú ìdíje káàdì, ọ̀rọ̀ kan péré láti ẹnu òǹwòran lè ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́, nítorí pé ohun tí ẹnìkan kò fiyè sí ni ẹnìkejì rẹ̀ fi ń borí rẹ̀. Òǹwòran tó bá rí i pé a ń ṣẹ̀ sí òfin lè pe adájọ́. Kò gbọdọ̀ kọ́ olùdíje ní ohun tí yóò ṣe. Àwa ọmọ Ẹ̀gbá tí a ti ń wo ayò láti kékeré, ìpalọ́lọ́ yìí ni ó máa ń kọ́kọ́ nira fún wa jù.

Kí wá ni iṣẹ́ adájọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tó há ìwé òfin sórí ni, bí ọmọ kéú ṣe ń há wàláà. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe jáwọ́ nínú èrò yẹn.

Ní Sátidé kan, a ṣe ìdíje kékeré nínú gbọ̀ngàn kan ní Ìbarà. Olùdíje 24 ni wọ́n wá. Èmi ni mo gba owó ìwọlé, èmi ni mo kọ orúkọ, èmi ni mo ń pín wọn sí tábìlì, èmi náà sì ni adájọ́ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. Ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, mi ò tí ì fi nǹkan kan kan ẹnu láti àárọ̀, ọwọ́ kan sì nà sókè ní tábìlì keje. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ti ń ṣiṣẹ́ oṣù ni, ọmọkùnrin tí kò lè ju ọdún 14 lọ ni ó sì jókòó ní iwájú rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà sọ pé, “Ọmọ yìí ti mú káàdì lé.” Mo ní kí ọmọ náà ka èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mẹ́jọ ni, ó sì yẹ kí ó jẹ́ méje. Mo bi í pé, “Ṣé ìwọ lo mú u lé?” Kò fèsì, ó tẹjú mọ́ ilẹ̀. Mo ní ó ti pàdánù eré náà, mo sì yára padà sídìí ìwé mi. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọmọbìnrin kan tó ti ń wò wọ́n fi wá bá mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú sà, káàdì tí ẹ̀gbọ́n yẹn jù sílẹ̀ ló ní kí àwọn méjèèjì mú ọ̀kọ̀ọ̀kan.” Mo lọ wò ó. Káàdì náà ṣì wà níbẹ̀, ó ṣí ojú sókè sí mi lórí tábìlì, n kò sì kà á.

Ọmọ náà mọ̀ pé òun kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n a ti kọ́ ọ nílé pé ọmọdé kì í bá àgbà jiyàn, àgbà méjì ló sì dúró lé e lórí lọ́jọ́ náà. Èmi rò pé ìdákẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí ẹ̀bi, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rí ẹ̀kọ́ ilé ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé ohun tí a gbọ́dọ̀ fi dá ẹgbẹ́ adájọ́ sílẹ̀ ní ìlú yìí ni bí a ti ń bi ènìyàn léèrè ọ̀rọ̀. Òfin wà nínú ìwé, ìwé sì wà lórí fóònù. Ẹni tó bá gbàgbé lè lọ wò ó. Ẹni tí kò mọ bí a ti ń gbọ́ tẹnu ọmọdé, kò sí ojú ewé tí yóò ṣí tí yóò fi rí òtítọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ adájọ́ lọ́dọ̀ wa pé kí wọn má ṣe fi ẹ̀sùn sínú ìbéèrè. “Ṣé ìwọ lo mú u lé?” jẹ́ ìbéèrè tí ó ti dá ẹjọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. “Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi láti ìgbà tí ọ̀gbẹ́ni gbé káàdì yìí sílẹ̀” ń ṣí ẹnu. Kí adájọ́ dé ìdí tábìlì, kí ó kí wọn, kí ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan káàdì mọ́, kí ó ka káàdì tó wà níwájú wọn sókè fún etí àwọn méjèèjì, kí ó tó béèrè ohunkóhun. Bí ọ̀rọ̀ náà bá kan ohun tí ẹnìkan nínú wọn fi pamọ́ sọ́wọ́, kí ó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ó sì gbọ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Kí ó gbọ́ ti ẹnìkejì pẹ̀lú, ìbáà jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti hàn kedere sí i: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bí gbogbo èyí bá gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, kí ó fi iye ìṣẹ́jú tí ó gbà kún àkókò wọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nínú ìdíje Magic, ó sì bójú mu, nítorí ẹni tó ń bẹ̀rù pé àkókò òun ń lọ kò ní fẹ́ pe adájọ́ nígbà mìíràn.

Ta ni kí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀? Àbúrò ni, ní tèmi. Àwọn kan sọ fún mi pé ìyẹn kò bá àṣà mu, ṣùgbọ́n kí wọn rántí ìpàdé ẹbí: àwọn kéékèèké a máa sọ tiwọn, àgbà á sì pa ọ̀rọ̀ dé. Bí àgbà bá ti sọ tirẹ̀ tán, àbúrò tó bá tún sọ ohun tó yàtọ̀ ti di ẹni tó pe àgbà ní òpùrọ́, kò sì sí ọmọ tí a tọ́ dáadáa tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí káàdì.

Ọ̀rọ̀ “o” àti “ẹ” fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ìgbìmọ̀ wa ká. Àbá tí mo mú wá ni pé kí adájọ́ máa fi “ẹ” bá gbogbo olùdíje sọ̀rọ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá àti baba ọdún 50, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ láti inú gírámà pé òun ti kéré sí ẹnìkejì kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà kan tí ó ń bá wa mójú tó oúnjẹ, tí a sì bọ̀wọ̀ fún gidigidi, ní òun kò ní rí ibi tí a ó ti máa pe ọmọ ọmọ òun ní “ẹ” kí òun má fò dìde. A jiyàn lé e títí ilẹ̀ fi ṣú. Ibi tí a wá fi àbọ̀ sí ni pé kí adájọ́ máa bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ pọ̀, “ẹ̀yin méjèèjì”, “ẹ jẹ́ kí á wò ó”, kí ó sì máa pe olúkúlùkù ní orúkọ rẹ̀ bí ó bá fẹ́ yà á sọ́tọ̀. Kò pé, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe, ìyá àgbà sì fọwọ́ sí i.

Ẹ yí i padà náà wò. Adájọ́ lè jẹ́ ọmọ ọdún 19, kí ó sì ní láti sọ fún ẹni tó bí irú rẹ̀ pé káàdì tó fẹ́ lò kò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kò sí ohun tó burú nínú kí ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí ó sì sọ pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, káàdì yìí kò lè dé ibẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n kọ sí ìlà kejì.” Ìkúnlẹ̀ yẹn kò yí ìdájọ́ padà. Àwọn kan nínú yín ń fẹ́ kí adájọ́ dúró ṣinṣin bí ọlọ́pàá, kí ó sì sọ ọ́ ṣókí. Mo ti rí i tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ níbí, ohun tí ó sì ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni kí àgbà gbàgbé káàdì kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bínú nítorí ìwọ̀sí. Ẹ fi ọ̀wọ̀ fún ẹni, kí ẹ sì fi òfin fún káàdì.

Bí ìdájọ́ kò bá tẹ́ olùdíje lọ́rùn ńkọ́? Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kò ṣàjèjì sí wa, ìdíje káàdì náà sì ní tirẹ̀: olùdíje lè ní kí a pe olórí adájọ́, ohun tí olórí adájọ́ bá sọ ni abẹ gé. Kí adájọ́ kékeré fúnra rẹ̀ máa rán olùdíje létí pé ẹ̀tọ́ yìí wà, pàápàá ọmọdé tí kò ní bèèrè fún un. Kí a sì ti ọ̀nà kan pa, ìyẹn ti kí ẹnìkan fa fóònù yọ láti pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó mọ ẹni tó mọ olùṣètò. Nígbà àtijọ́, àwọn Pàràkòyí ni ẹjọ́ ọjà wà lọ́wọ́ wọn ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, àwọn Ògbóni sì ń mójú tó ti ìlú. Ẹjọ́ ní ojúkò tí a ti ń dá a. Ẹjọ́ tábìlì keje kò gbọdọ̀ dé ọ́fíìsì ẹnikẹ́ni ní Òkè-Mọ́sàn, níbi tí ìjọba ìpínlẹ̀ wà.

Ó wá ku ti ìkọ́ṣẹ́. Ẹni tó bá ti ya ìdí àwọn aládìrẹ ní Ìtòkú yóò ti rí i pé kò sí ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ bí aró ṣe ń dára. Yóò jókòó ti ọ̀gá, yóò máa di aṣọ, yóò máa wo ọwọ́ ẹni tó ń ri aṣọ bọ aró tó sì ń yọ ọ́ síta kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, títí ojú rẹ̀ yóò fi mọ ìgbà tí aró ti mu aṣọ tó. Bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí a kọ́ adájọ́. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ yóò tẹ̀lé adájọ́ àgbà káàkiri fún odindi ìdíje mẹ́ta, láìsọ ọ̀rọ̀ kan létí olùdíje. Lẹ́yìn ìpè kọ̀ọ̀kan, àwọn méjèèjì yóò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọ̀gá yóò sì bi í pé kí ni òun ìbá ti ṣe. Ní ìdíje kẹrin, ọmọ iṣẹ́ yóò máa dá ẹjọ́, ọ̀gá yóò sì máa dúró lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ó bá yá, a ó ṣe fíríìdọ́ọ̀mù fún un níwájú àwọn olùdíje. Ibi kan ṣoṣo tí a ti yàtọ̀ sí ìkọ́ṣẹ́ tí a mọ̀ ni pé ọmọ iṣẹ́ wa kò ní san kọ́bọ̀ fún ọ̀gá, kò sì ní bá a fọ aṣọ nílé.

Kí a fi ìwọ̀nba ènìyàn bẹ̀rẹ̀. Mẹ́rin tó. Ètò Swiss tí a fi ń pín àwọn olùdíje, èyí tí wọ́n mú láti inú ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì tí a ṣe ní Zurich ní 1895, kì í lé ẹnikẹ́ni kúrò lẹ́yìn ìpàdánù kan. Ẹni tó bá borí yóò bá ẹni tó borí figagbága, ẹni tó pàdánù yóò bá ẹni tó pàdánù. Olùdíje 24 yóò gba ìpele márùn-ún. Bí ìpele kan bá jẹ́ 50 ìṣẹ́jú, bí ó ti rí nínú Magic, ìyẹn ti lé ní wákàtí mẹ́rin kí a tó ka ti àlàfo àárín ìpele, ti iná tó lọ àti ti ẹni tó ní sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Láfẹ́nwá ló dá òun dúró. Ènìyàn mẹ́rin lè gba ara wọn sípò, kí méjì máa ṣiṣẹ́, kí ẹnìkan máa jẹun, kí ẹnìkan máa kọ nǹkan sílẹ̀. Nígbà tí mo dá ẹjọ́ tábìlì keje, èmi nìkan ni, ebi sì ń pa mí. N kò fi ebi ṣe àwáwí. Mo ń sọ pé ètò tí ó fi adájọ́ sílẹ̀ sínú ebi ti múra sílẹ̀ de àṣìṣe rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ohun tí a ń pè ní ìfínnúfíndọ̀. Àwọn tó ti ṣe é ṣáájú wa ní òkè òkun ti rí ìjà nídìí rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn adájọ́ Magic kárí ayé ń ṣiṣẹ́ fún ìfẹ́ eré náà, a sì ń fi káàdì pàtàkì tí a kò tà ní ọjà ta wọ́n lọ́rẹ. Ní 2016, àwọn kan nínú wọn pe Wizards of the Coast, ilé iṣẹ́ tó ni Magic, lẹ́jọ́ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n ní òṣìṣẹ́ ni àwọn, owó iṣẹ́ sì tọ́ sí àwọn. Nígbà tó di 2019, ilé iṣẹ́ náà yọwọ́ nínú ètò àwọn adájọ́, àjọ mìíràn tí ń jẹ́ Judge Academy sì gbà á, èyí tí àwọn adájọ́ fúnra wọn ń san owó ọdọọdún fún. Ní 2023, àjọ náà kéde pé òun ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ ò rí i pé ètò tí ó ní owó, tí ó ní ìwé, tí ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, kọsẹ̀ lórí ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ni gbèsè tí a jẹ ẹni tó fi ọjọ́ Sátidé rẹ̀ sílẹ̀ fún wa?

Èmi ní ìdáhùn tèmi, kò sì gùn. Bí ìdíje bá jẹ́ ti èrè, tí olùṣètò ń gba owó ìwọlé tí ó sì ń jẹ nínú rẹ̀, kí a san owó fún adájọ́, kí a yé pè é ní afínnúfíndọ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ẹgbẹ́, tí gbogbo owó ìwọlé ń padà sínú ẹ̀bùn àti gbọ̀ngàn, nígbà náà ni a lè bẹ ènìyàn pé kí ó fi ara rẹ̀ jìn. Síbẹ̀, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà nínú àpò ìwé kí ó tó kúrò nílé, kì í ṣe lẹ́yìn ìdíje nígbà tí a ó máa wá ẹni tó ní ṣéńjì. Oúnjẹ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná. Kí a má gbé búrẹ́dì lásán fún ẹni tó ti dúró láti aago mẹ́wàá. Kí a sì dá wákàtí tí yóò lọ ilé fún un, kí a má yẹ̀ ẹ́ nítorí pé ìpele àṣekágbá ti dùn.

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba aṣọ, nítorí pé ó pa wá lẹ́rìn-ín. Aṣọ dúdú ni àwọn adájọ́ Magic sábà máa ń wọ̀. Àwa ní ọmọ Abẹ́òkúta ni wá, a ní kí wọn bá wa rán adìrẹ aláró fún àwọn adájọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó rẹwà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìdajì àwọn tó wá sí ìdíje, òbí àti ọmọ, ló wọ adìrẹ wá. Ọwọ́ ń nà sókè, ẹ̀gbọ́n ẹnìkan ni wọ́n sì ń rí mú. Ní báyìí, ọ̀já pupa ni adájọ́ ń gbé kọ́ èjìká.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀rù tẹ́tẹ́ ni ẹ máa ń kọ́kọ́ sọ fún mi, n kò sì dá yín lẹ́bi, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé ní ìlú yìí ló mọ ohun tí ilé tẹ́tẹ́ ti gbà lọ́wọ́ wọn. Òfin ìdíje káàdì le lórí èyí ju bí ẹ ti rò lọ. Olùdíje tó bá fi owó tàbí káàdì lọ ẹnìkejì rẹ̀ kí ó lè jẹ́ kí òun borí, tàbí tí ó bá ta tẹ́tẹ́ lórí ìfigagbága, ìjìyà ńlá ni yóò gbà nínú ìdíje Magic, ẹni tó gbà fún un náà yóò bá a pín nínú rẹ̀. Kódà, bí àkókò bá tán tí ọ̀rẹ́ méjì sì ní kí àwọn ju owó ẹyọ sókè láti mọ ẹni tó borí, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni. Èyí máa ń ya àwọn ọmọ wa lẹ́nu, nítorí pé ojú ìfẹ́ ni wọ́n fi ń wò ó. Iṣẹ́ adájọ́ ni kí ó ti sọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn ní òwúrọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ti inú ìwà ọ̀rẹ́ bọ́ sínú ìjìyà. Ọ̀mì ni kí wọn gbà bí ó bá jẹ́ ọ̀mì; àmì ayò kan kan ni yóò kàn wọ́n.

Ohun kejì tí ń já yín láyà ni èdè. Ìyá kan gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń sọ lórí fóònù pé òun yóò gbé ẹnìkan jáde kúrò nínú sàréè lọ́la, ó sì gbé e dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀ wọn. Nínú Magic àti Yu-Gi-Oh!, ibi tí a ń kó káàdì tí a ti lò sí ni àwọn Òyìnbó ń pè ní ibojì, kò sì ju òkìtì bébà lọ. A ti gbà báyìí pé kí àwọn adájọ́ wa máa pè é ní “ààtàn”, ó sì bá a mu, nítorí pé ohun tí a dà sí ààtàn ṣì ṣeé tún ṣà. Adájọ́ lè fi Yorùbá ṣàlàyé káàdì bí ó bá ti wù ú, ṣùgbọ́n bí àríyànjiyàn bá dé, ohun tí ilé iṣẹ́ tó ni eré náà kọ ni a ó padà sí.

Ìlú wa kéré nínú irú nǹkan báyìí, gbogbo wa la mọ ara wa. Kí adájọ́ má dá ẹjọ́ tábìlì tí àbúrò rẹ̀, ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ tàbí ẹni tó jẹ ẹ́ lówó jókòó sí. Kí ó pe ẹlòmíràn. Kí a sì ní rẹ́jísítà kan, ìwé gidi tí iná NEPA kò lè pa, tí a ó máa kọ ìpè kọ̀ọ̀kan sí: tábìlì wo, kí ni wọ́n béèrè, kí ni a sọ, kí ni ìdí. Ní ìparí oṣù, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò jókòó kà á pọ̀. Mo ti kọ ti tábìlì keje sí ojú ewé àkọ́kọ́, mo sì ti lọ bẹ ọmọ náà níwájú bàbá rẹ̀.

Ìbéèrè kan wá láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn kí a tó túká, mo sì fẹ́ kí ó wọ inú àkọsílẹ̀ yìí. Ọmọbìnrin tó kúnlẹ̀ sọ òtítọ́ fún mi lọ́jọ́ Ìbarà ni ó béèrè bóyá ọmọ ọdún 15 lè ṣe adájọ́. Mo sọ fún un pé nínú ètò Pokémon, ẹni tí kò bá tí ì pé ọdún 18 kò lè gba oyè Professor tí wọ́n fi ń ṣe adájọ́, mo sì rò pé wọ́n gba tiwa rò, nítorí pé àgbà tó ń bínú kì í ṣe ẹrù ọmọdé. Ṣùgbọ́n ó lè bẹ̀rẹ̀ ìkọ́ṣẹ́. Kí òbí rẹ̀ kọ lẹ́tà, kí ó máa tẹ̀lé àgbà obìnrin kan nínú àwọn adájọ́ wa, kí ó máa kọ rẹ́jísítà, kí a sì ti fi í sínú ọkọ̀ kí aago márùn-ún tó lù. Ó béèrè bóyá a ó fún òun náà ní ọ̀já pupa. Mo wo ìyá àgbà tó ń mójú tó oúnjẹ, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní a ó fún un.